Oṣù Tiwa Ló Kẹ́yìn

Ọjọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ rí ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Páálí ni mo fi ṣe èèpo wọn, mo fi bébà sí inú, mo sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn pọ̀. Ilé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé, oṣù kọ̀ọ̀kan la sì fi ń kọ́ nípa orílẹ̀-èdè kan: oúnjẹ wọn, aṣọ wọn, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Bí oṣù bá parí, màá lu òǹtẹ̀ sí ojú ewé orílẹ̀-èdè náà, ó di pé wọ́n ti lọ, wọ́n sì ti bọ̀. Màmá mi, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló tò sórí ìlà físà ní Èkó kí wọ́n tó dá a lóhùn, gbé ìwé àkọ́bí mi sókè.

"Ẹ wò wọ́n," ó ní. "Wọ́n jókòó sí kíṣìnì, wọ́n ti dé Jàpáànù. Ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ máa padà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín nítorí pé à ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbọ́ ohun tó sọ.

Lake Arbor nílùú òyìnbó là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́wàá, èkejì ọmọ ọdún méje. Nọ́ọ̀sì ni mí. Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo kó gbogbo iṣẹ́ mi sí ní ọsíbítù, wákàtí méjìlá lójúmọ́, kí n lè rí àárín ọ̀sẹ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rò pé orí mi ti ń yí. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn tí tíṣà tó kàwé fún un ò lè kọ́ wọn. Mo ní mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ ayé. Ó dùn ún sọ. Mo máa ń gbé àgbọ̀n sókè bí mo bá ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ṣẹ̀yìn fọ́ọ̀mù kan. Nígbà tí a fẹ́ fi àkọ́bí mi sí ilé ìwé, kí n tó máa kọ́ ọ nílé rárá, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ọ̀kan nínú ìbéèrè ibẹ̀ ni pé èdè wo là ń sọ nínú ilé. Mo kọ Yorùbá. Òótọ́ ni mo kọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbọ́ pé wọ́n ń yọ ọmọ mi kúrò ní kíláàsì lójoojúmọ́ lọ sí yàrá àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń jà, òun ló fi ń lá àlá! Mo sọ ọ́ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kó o kọ Yorùbá?" ọ̀kan nínú wọn ní. "English only la máa ń kọ o. Gbogbo wa. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa wo ọmọ ẹ bí JJC ni?"

Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù náà ṣe. Nítorí pé èmi kì í ṣe nǹkan ní àbọ̀, mo dé ilé, mo fi òfin lélẹ̀: láti òní lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ọkọ mi ní ṣé kò pọ̀ jù. Mo ní kó dákẹ́. Lọ́dún yẹn gan-an ni kòrónà lé gbogbo ọmọ wálé, mo rí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà, mo sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Èyí àbúrò ò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni máa bi mí léèrè lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin mi ṣì dúró.

Bàbá mi kú ní Ìbàdàn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó wá ku màmá mi nìkan nínú ilé oníyàrá mẹ́fà. Èmi nìkan ló bí. Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa pátápátá, kí àwọn ọmọ mi mọ ìyá àgbà wọn, kí òun náà sì rí ẹni pè lówùúrọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Tíṣà ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, ipò ọ̀gá ilé ìwé ló ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ irú tíṣà bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé wọn kì í rí ọmọ kí wọ́n má kọ́ ọ ní nǹkan.

Lọ́jọ́ tó dé, láti pápákọ̀ òfuurufú ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ọmọ ní oríkì nínú mọ́tò. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orí wọn. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Bí a ṣe délé, tí a gbé àpótí rẹ̀ sí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, òyìnbó ni kẹ́ ẹ máa bá wọn sọ. Kó má bàa dà wọ́n lórí rú."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà, mà. Tó bá yá, wọ́n á gbọ́ tiwa."

"Kò burú," ó ní. "Ilé rẹ ni."

Ó sì pa òfin náà mọ́. Obìnrin tí ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, tó lè bú ọmọ kí ọmọ náà máa rẹ́rìn-ín, tó bá di Gẹ̀ẹ́sì, á dà bí ìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé ń kéde lórí pápá. "Good morning, my dear. Have you washed your hands? Have you eaten?" Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ọ̀yàyà kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ á dáhùn, "Yes, Grandma," wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ tí èyí àbúrò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ìyá àgbà òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Jàpáànù la fi bẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yẹn. Àwọn ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba kí àgbà lọ́hùn-ún, wọ́n á so ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tẹ̀ láti ìbàdí. Ó wù wọ́n, wọ́n sì ń fi kí màmá mi láràárọ̀. Màmá mi, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kúnlẹ̀ kí lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn, á tẹ̀ padà fún wọn, á fọwọ́ di ẹ̀yìn mú nítorí làkúrègbé. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé.

Ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Mo ní wọ́n á kọ́ ọ tó bá kan Nàìjíríà. Oṣù karùn-ún ni mo fi Nàìjíríà sí, ìparí ọdún ẹ̀kọ́, lẹ́yìn Mẹ́síkò, lẹ́yìn Íńdíà, lẹ́yìn àwọn ibi tí ẹnì kankan nínú ìdílé wa ò dé rí. Mo ní tiwa ò sá lọ. Mo ní ohun tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, a kì í kánjú kọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ mi wú. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi kékeré láti ẹnu ọ̀nà. Ìyọkúrò ló ń dààmú ọmọ yẹn nínú ìṣirò, a ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jà á. Màmá mi da ẹ̀wà sórí tábìlì. "Ogún rèé," ó ń wí. "Mú ẹyọ kan kúrò. Oókàndínlógún! Mú òmíràn. Eéjìdínlógún! Ṣé o rí i? Orúkọ rẹ̀ ló ń sọ fún ẹ iye tó o mú." Ọmọ náà ń fi ìka fa ẹ̀wà, ó ń pariwo tẹ̀ lé e, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú iye tó tọ́. Ó ń mú iye tó tọ́!

"Màámi!" Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "A ti sọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ ó da ìṣirò rú mọ́ ọn lójú."

Ọwọ́ ọmọ náà dúró. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà náà padà sínú agolo, lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Má bínú," ó ní. "Mo gbàgbé ni."

Ìyá mi ló ń bẹ̀ mí, níwájú ọmọ mi. Ó yẹ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Dípò ìyẹn, mo ní mo fẹ́ lọ wẹ̀. Ọmọ kékeré yẹn tẹ̀ lé mi dé orí àtẹ̀gùn.

"Mummy, is Grandma in trouble?"

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni màmá mi ti ń jókòó sí yàrá rẹ̀ tí mo bá ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé.

Oṣù karùn-ún dé. Mo ṣí ìwé tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, kí ni mo rí? Odidi ojú ewé méjì, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère, lórí bí Yorùbá ṣe ń fi ìyọkúrò ka nǹkan. Wọ́n ní ìyanu ni. Wọ́n ní kí ọmọ fi ẹ̀wà dán an wò. Mo pa ìwé náà dé, mo tún ṣí i. Mi ò ní ẹ̀mí láti fi han màmá mi.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá ọ̀nà láti fi tu ara mi nínú. Ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Springdale lọ́jọ́ọ Wẹ́sìdé, ìdílé kọ̀ọ̀kan á sì wá gbé orílẹ̀-èdè kan kalẹ̀. Mo wọ yàrá màmá mi, mo ní kó wá jẹ́ àlejò wa pàtàkì.

Ojú rẹ̀ tàn. "Ṣé mo lè sọ Yorùbá?"

"Lóṣù yìí, ẹ lè sọ ọ́, mà."

"Lóṣù yìí," ó tún un sọ, bí ẹni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi múra. Ó ní kí n bá òun ra ìwé eléwé ogójì, ó fi bírò pupa fa ìlà sí etí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láyé ijọ́un, ó sì kọ nóòtì ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀. Ó ní kí n ra pẹ́ńsù méjìlá, ó gbẹ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ ìró àti bùbá, ó wé gèlè, ó jókòó sínú mọ́tò ṣáájú gbogbo wa. Mo mọ ìmúra yẹn dáadáa, ó ti lé lọ́dún méjìlá tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àlejò á jókòó sí àga níwájú, ọmọ ilé náà á sì bi í ní ìbéèrè láti inú bébà tó wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́. Èmi ni mo tẹ bébà náà jáde. Ṣùgbọ́n mi ò kà á tán. Àkọ́bí mi dìde pẹ̀lú pátákó kékeré lọ́wọ́, ó tẹrí ba bíi ti Jàpáànù, ó ní:

"Grandma, what do your people eat?"

Màmá mi kọjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Àwọn wo lọmọ yìí ń pè ní èèyàn mi?" ó bi mí. "Ṣé òun kọ́ ni?"

Ọmọ náà wo èmi náà. "Mummy, what did she say?"

Àwọn ìyá yòókù ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró de ìtumọ̀. Obìnrin tó fẹ́ gbé Bùràsílì kalẹ̀ lẹ́yìn wa ti ń to àwo rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín èmi àti àga yẹn. Mo lè lọ gba pátákó yẹn lọ́wọ́ ọmọ mi, kí n wí fún un pé ìwọ ni èèyàn rẹ̀. Ojú àwọn èèyàn tí mi ò tilẹ̀ mọ ilé wọn ló ń tì mí.

"She said rice," mo ní. "Rice and yam."

Ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ. Ó gbọ́ irọ́ tí mo pa. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìwé eléwé ogójì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn fúnra rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá ilé ìwé. What do they wear? They wear cloth. How do they greet their elders? They kneel down.

"Can you show us?" ọmọ mi ní. Ìbéèrè yẹn wà nínú bébà.

Màmá mi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, fọwọ́ ti apá àga, ó dìde díẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, títí dòní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn sáré kígbe pé, "No, no, her knees are bad!" Àwọn ìyá kẹ́dùn, wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Orúnkún kọ́ ló fà á. Ọmọ tí kò tíì kúnlẹ̀ kí i rí ló ní kó kúnlẹ̀ fún òun, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Ibo ló ti máa mọ̀ ọ́n?

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Àkókò wa tán. Màmá mi ò ṣí ìwé rẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù méjèèjìlá lé itan rẹ̀ bí a ṣe ń lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta ló sọ fún mi pé òun fẹ́ máa lọ sílé. Mo ní ilé wo. Ó ní Ìbàdàn. Mo sunkún, mo bínú, mo ní ta ló máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí fún un. "Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà." Ó wá yíjú sí mi. "Tíṣà ni mí. Mo mọ̀ tí kíláàsì bá ti tú."

"Màámi, mo ṣe àṣìṣe. Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Mo sì gbìyànjú. Ẹ̀rí ọkàn kì í jẹ́ kéèyàn sùn, mo fa òfin mi ya. Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo kọ́ wọn ní ìkúnlẹ̀, mo kọ́ wọn ní "Ẹ káàárọ̀, mà." Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, wọ́n kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, àwọn méjèèjì, ahọ́n wọn wúwo, wọ́n kí i. Mo dúró lẹ́yìn wọn.

"Good morning, my dears," màmá mi ní. "Have you washed your hands?"

"Màámi, Yorùbá ni wọ́n fi kí yín."

"Mo gbọ́," ó ní. "Ó káre. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn ti parí."

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìyá mi ò ní ẹnu, kó wá gbọ́ tèmi. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ le jù. Inú ń bí mi sí i náà, mi ò ní purọ́. Ó yẹ kó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọn ò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n odidi ọdún kan ó lé ló fi pa ẹnu mọ́ nítorí mi. Bí mo bá tọpa ìbínú náà dé ìdí rẹ̀, ara mi ni mo máa bá níbẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, àpótí wà lẹ́nu ọ̀nà, àkọ́bí mi gbé ìwé ìrìnnà páálí rẹ̀ wá. Ó ní mi ò tíì lu òǹtẹ̀ sí Nàìjíríà. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní rárá, ojú ewé náà ò pé. Mo lu òǹtẹ̀ náà. Màmá mi ń wò wá láti orí àga.

"Wọ́n ti lọ," ó ní, "wọ́n ti bọ̀."

Ní pápákọ̀ òfuurufú, èyí kékeré rọ̀ mọ́ ọn, kò fẹ́ jẹ́ kó wọlé. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti làkúrègbé rẹ̀, ó fi ẹnu sí etí ọmọ náà, ó sì sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń lọ, tó ń fọwọ́ pa orí ọmọ náà bó ṣe ṣe nínú mọ́tò lọ́jọ́ tó dé. Ariwo pọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó gbéra nílẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n máa jẹun, ó sì lọ.

A ti fẹ́ẹ̀ délé kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀.

"Grandma told me something."

"Kí ló sọ?" Yorùbá ni mo fi bi í, mi ò mọ̀gbà tó jáde. Mo tún bi í ní Gẹ̀ẹ́sì.

"I don't know. It was long."

Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ kan péré níbẹ̀ fún mi. Ó dijú, ó la ẹnu, ó pa á dé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò lè bá a wí, èmi ni tíṣà rẹ̀.

Nígbà tí màmá mi délé, tó pè, mo bi í pé kí ló sọ fún ọmọ náà. Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń kí i ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà, tó ń dá wọn lóhùn, tó ń bú wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Òun ni mo sọ ọ́ fún," ó ní. "Òun ni kó o bi."